Onípléènì kékeré tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ drone nílẹ̀ Òkun: bí ẹ ṣe máa ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi rìmóòtù wa pléènì kékeré ọjọ́ ti pẹ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti fi fóòmù inú páálí tẹlifíṣàn gé ìyẹ́ rí, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí ẹ fi ìka méjì gbé e sókè láti wò bóyá imú ẹ̀ wúwo ju ìdí lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún yín pé ẹni tó bá ti mọ pléènì, drone ò lè nira fún un rárá. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Ojú yín ti mọ afẹ́fẹ́, ọwọ́ yín ti mọ stick, ìyẹn ọ̀pá kékeré méjì tó wà lórí rìmóòtù, ẹ mọ wàhálà bátìrì LiPo, ẹ sì mọ̀ pé nǹkan tó ń fò lè ṣe èèyàn léṣe. Ohun tó máa ń kó bá onípléènì ni àwọn nǹkan tí ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe láìronú, tó jẹ́ pé lórí pléènì òun ló ń yọni, lórí drone òun gan-an ló ń já a bọ́. Torí náà ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ dá lórí ohun tó yẹ kí ọwọ́ yín gbàgbé, ìyókù dá lórí ilẹ̀ Òkun wa níbí ní ìpínlẹ̀ Kogi, torí òkè wa, igbó wa àti àsìkò tá a wà yìí ní bí wọ́n ṣe rí.

Ìwé àṣẹ àti àwọn ará ìlú

Ẹ má tíì náwó kankan. Láti 2016 ni NCAA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà ti kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wa drone láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, ìyẹn ONSA. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o wọlé láti òkè òkun, ìwé End User Certificate látọ̀dọ̀ ONSA ni kọ́sítọ́ọ̀mù máa bèèrè, tí kò bá sí wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, owó yín wọgbó nìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ gba èsì, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kó máa wà nínú báàgì drone nígbà gbogbo. Ẹ lè ti gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kàn ń fi drone ṣeré tí tiẹ̀ ò tó 250 gráàmù kì í forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, òfin tiwọn nìyẹn, ẹ má gbé e wá síbí.

Ìwé nìkan ò sì tó. Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ṣe wá rí, ọ̀rọ̀ ajínigbé lójú ọ̀nà, ọdẹ àti vigilante tó ń ṣọ́ igbó tọ̀sántòru, ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba tí àwọn agbébọn já ní September 2021. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn drone lórí oko ẹ̀ láàárọ̀ kùtù tí kò mọ ẹni tó ni ín, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn kan ń ṣọ́ òun. Ó lè yìnbọn sí i, ó sì lè wá ẹni tó ń wà á kàn. Ẹ lọ rí baálẹ̀ tàbí ọba àdúgbò yẹn, ẹ lọ rí DPO, ẹ lọ rí olórí ọdẹ, ẹ sì gbé drone náà dání lọ. Ẹ jẹ́ kí olórí ọdẹ fọwọ́ kàn án, kó gbọ́ ohùn ẹ̀, kó wo ara ẹ̀ lójú fóònù láti òkè. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ pè é: “Ẹ káàárọ̀ bàbá, èmi lágbájá ni, mo fẹ́ gbé drone yẹn sókè ní pápá ilé ìwé, láago méje sí mẹ́jọ.” Ìpè yìí ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì kà á sí ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí.

Ẹ má sún mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá, ibi tí sójà ti ń dá mọ́tò dúró, ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì tó wà ní Obajana, àti wáyà iná ńlá. Ẹ má gbé e lọ sórí èrò nígbà ọdún iṣu tuntun tàbí òkú àgbà, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti ya fídíò. Igbó orò àti igbó eégún náà ńkọ́? Ohun tí wọ́n ní kí ojú má rí, kámẹ́rà náà ò gbọ́dọ̀ rí i.

Èwo ni kẹ́ ẹ rà

Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà tó kàn yín. Èyí tó ní kámẹ́rà àti GPS, ìyẹn ohun tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, irú DJI Mini tó jẹ́ 249 gráàmù. Èyí tó kéré tó lè jókòó sí àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń pè ní whoop, tí nǹkan roboto yí fáànù ẹ̀ ká kó má gé èèyàn. Àti FPV ńlá tí èèyàn máa ń fúnra ẹ̀ tò, tó máa ń fi gọ́gù sójú wà, ìyẹn awò tó ń fi ohun tí kámẹ́rà drone ń rí hàn án.

Tèmi ni pé kí onípléènì má fi èyí tó ní GPS bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ló ń wu gbogbo èèyàn torí fídíò ẹ̀ dára, àmọ́ GPS á máa bá yín ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹ̀ẹ́ rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n wà, ọjọ́ tí sátẹ́láìtì bá sọnù tàbí tí kọ́ńpáàsì bá ṣìnà, drone á bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ lọ, ọwọ́ yín ò sì ní mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ kọ́kọ́ ra whoop. Kò wọ́n, ẹ lè wà á nínú pálọ̀, kò sí kọ́ńpáàsì kò sí GPS nínú ẹ̀, ọwọ́ yín ló máa ṣe gbogbo ẹ̀. Rìmóòtù tẹ́ ẹ fi ń wa pléènì gan-an lè bá a ṣiṣẹ́ tí èdè wọn bá jọra, ẹ wò ó lẹ́yìn rìmóòtù bóyá ExpressLRS ni àbí FrSky, kẹ́ ẹ ra whoop tó bá a mu. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá ra oníkámẹ́rà.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kan nínú yín Mode 1 ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́, tí throttle, ìyẹn stick tó ń fi agbára kún un tàbí tó ń dín in kù, wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Drone tẹ́ ẹ bá rà, Mode 2 ló máa ń bá dé, tí throttle wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ yí i padà nínú áàpù ẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀ o, ẹ má sọ pé ẹ máa mọ́ ọn lára lókè.

Ohun tó yẹ kí ọwọ́ gbàgbé

Throttle ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá kú lórí pléènì, ìyẹ́ ṣì ń gbé e, ẹ máa kọ imú ẹ̀ sí afẹ́fẹ́, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Drone ò níyẹ̀ẹ́. Fáànù mẹ́rin yẹn ló ń gbé e, àwọn náà ló ń tì í síwájú, àwọn náà ló ń yí i, tí throttle bá ti wálẹ̀ pátá, òkúta ni. Ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ onípléènì máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́: á fa throttle wálẹ̀, á fa elevator sẹ́yìn kí imú lè gbéra. Lórí drone, throttle tó wálẹ̀ yẹn á jẹ́ kó já, elevator tó lọ sẹ́yìn yẹn á jẹ́ kó máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá yín níbi tẹ́ ẹ dúró sí, torí ìdí ẹ̀ ló kọ sí yín.

Lórí drone tó ní GPS, stick throttle ní sípíríǹgì, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ á padà sáàárín, tó bá sì ti wà láàárín, drone á dúró sí gíga tó wà. Nítorí náà ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ni pé tí àyà bá já, kó fi stick méjèèjì sílẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ kò rọrùn fún ẹni tó ti pẹ́ lórí pléènì torí pléènì kì í dúró dèèyàn, ẹni tó fi stick sílẹ̀ lórí pléènì ti fi pléènì sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa dìídì ṣe é: ẹ tì í síwájú kó sáré díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàdédé ká ọwọ́ kúrò, ẹ wò ó bó ṣe máa dúró. Ẹ ṣe é léraléra títí ọwọ́ á fi gbà.

Lórí whoop, kò sí sípíríǹgì yẹn. Ẹ gbé e kalẹ̀ láàárín pálọ̀, ẹ pa fáànù sílíǹgì, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ rọra ti throttle sókè. Tó bá ṣì sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ tó ń tì sísàlẹ̀ á máa ta padà gbé e, á máa gbọ̀n, á sì ṣe bíi pé ó fúyẹ́, tó bá ga kúrò níbẹ̀ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ throttle á yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ní gíga àga, kó má kan ilẹ̀ kó má kan sílíǹgì. Ẹ máa rí i pé ìka yín ò lè sinmi, bíńtín sókè, bíńtín sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì náà ń rẹ̀, throttle tó gbé e dúró ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ò ní gbé e mọ́. Ibi tí ìka ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn throttle, yíyà. Lórí pléènì, ẹ̀ẹ́ tẹ aileron, ìyẹn èyí tó ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ́ fa elevator díẹ̀, ó ti yà, àwọn míì ò tiẹ̀ fọwọ́ kan rudder, èyí tó ń yí imú sósì sọ́tùn-ún, láti àárọ̀ dalẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe aileron nìkan lórí drone, ẹ̀gbẹ́ ló máa fi rìn bí alákàn, imú ẹ̀ ò ní kúrò níbi tó kọ sí. Kó tó lè yà bó ṣe yẹ, rudder lọ́wọ́ òsì àti aileron lọ́wọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ jọ rìn. Ẹni tó ti máa ń lo rudder dáadáa lórí pléènì á jèrè níbí.

Ti imú tó kọ sí yín, ìyẹn ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé tí pléènì bá ń bọ̀, òsì á di ọ̀tún. Lórí drone, iwájú àti ẹ̀yìn náà máa yí padà, ó sì lè dúró síbẹ̀ tí ẹ ò ní mọ ibi tó kọjú sí, torí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ jọra, kò ní ìrù tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀. Ẹ lẹ téèpù pupa mọ́ ìdí ẹ̀.

Simulator lórí kọ̀ǹpútà á ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀, Liftoff tàbí VelociDrone, ẹ fi wáyà USB so rìmóòtù yín gan-an mọ́ ọn. Ẹ fi sí angle, ìyẹn èyí tó máa ń gún ara ẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí acro tí kì í gún ara ẹ̀. Acro máa dùn mọ́ onípléènì ju àwọn yòókù lọ, torí bó ṣe rí lórí pléènì ló rí: ibi tẹ́ ẹ bá dà á sí ló máa wà títí ẹ fi máa dá a padà.

Kó tó dìde ní pápá

Fáànù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn méjì tó wà ní igun òdìkejì ara wọn ń yí sápá kan, méjì yòókù ń yí sí òdìkejì. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan síbi tí kì í ṣe tiẹ̀, drone á dojú dé níbi tó ti fẹ́ gbéra. Ẹ fọwọ́ ra etí fáànù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ti ṣán tàbí tó ti ya, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi gulú lẹ̀.

Kọ́ńpáàsì ò fẹ́ irin. Ẹ má gbé e dìde lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà, lórí dẹ́kì tí irin wà nínú kọnkéré ẹ̀, tàbí lẹ́bàá òrùlé páànù. Ẹ tẹ́ ẹní sórí koríko, kó dúró lé e lórí, ìyẹn á tún gbà á lọ́wọ́ eruku. Ẹ dúró kí sátẹ́láìtì pé mẹ́wàá ó kéré tán, kó sì sọ pé òun ti mọ ilé, ìyẹn ibi tó ti fẹ́ gbéra, kẹ́ ẹ tó gbé e. Máàpù inú áàpù náà, ilé yín ni kẹ́ ẹ ti gbà á sórí fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi púpọ̀ ní Bunu àti Yagba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ti òkè o, torí òun ló yà wá sọ́tọ̀. Gíga tí drone ń kọ sójú fóònù, láti ibi tẹ́ ẹ ti gbé e dìde ló ti ń kà á, kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ níbi tó bá dé. Ẹ gbà pé ẹ dúró nísàlẹ̀ ní Ogidi, ẹ gbé e sí 50 mítà, ẹ wá darí ẹ̀ sọ́nà àpáta. Fóònù á máa sọ 50. Ilẹ̀ ti ga ní 20 mítà, fóònù ń sọ 50. Àpáta ti ga ní 40, ó ṣì ń sọ 50, bẹ́ẹ̀ mítà mẹ́wàá péré ló kù láàárín wọn. Ẹ ò ní rí i láti ibi tẹ́ ẹ wà torí ojú èèyàn ò lè ka àlàfo yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ó ti forí sọ àpáta, fóònù ò sì ní tíì yí ohùn padà.

Ewu kan náà ló wà nínú RTH, ìyẹn bó ṣe máa dá padà sílé fúnra ẹ̀ tí síginà bá já. Gíga tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ ló máa gbà bọ̀. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ yí ojú ká: òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, igi ìrókò, òkè. Ẹ fojú díwọ̀n èyí tó ga jù, ẹ fi 20 tàbí 30 mítà lé e, kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tí èyí tó ga jù bá jẹ́ 60, ẹ kọ 90. Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ju 120 mítà lọ, torí náà tí òkè kan bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ sí ẹ̀yìn ẹ̀ rárá. Síginà rìmóòtù náà kì í gba inú àpáta kọjá. Ẹ̀yin onípléènì ti mọ́ ọn lára láti má jẹ́ kí pléènì kúrò lójú yín, àṣà tó dára jù tẹ́ ẹ ní nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà gbà á lọ́wọ́ yín.

Ìfò àkọ́kọ́ níta

Àárọ̀ ni kó jẹ́, kí oòrùn tó mú, kí afẹ́fẹ́ tó gbéra. Ẹ gbé e sókè dé mítà mẹ́ta mẹ́rin, kó dúró, ìdí ẹ̀ kó kọ sí yín. Lẹ́yìn ìyẹn kó fẹ̀gbẹ́ kọ sí yín, òsì, ọ̀tún. Lẹ́yìn ìyẹn imú. Tí ìyẹn bá ti mọ́wọ́, ẹ fi igi mẹ́rin sàmì sórí pápá, kó máa yí wọn ká, imú ẹ̀ kó máa ṣáájú ní gbogbo igun. Ìgbà yẹn lẹ tó máa ya nọ́ńbà 8, àti òsì àti ọ̀tún.

Sísọ̀ kalẹ̀ gba ìkìlọ̀ tiẹ̀. Tí drone bá ń já wálẹ̀ tààrà ní kíákíá, inú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra ẹ̀ tì sísàlẹ̀ ló ń já sí, fáànù ò ní rí afẹ́fẹ́ gidi dì mú mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa já lọ. Onípléènì á fi throttle kún un, ìyẹn á tún bà á jẹ́ sí i. Ẹ tì í síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó jáde kúrò nínú afẹ́fẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ tó gbé e. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹ jẹ́ kó máa rìn síwájú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wálẹ̀.

Nípa afẹ́fẹ́, lásìkò ọyẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti máa ń fẹ́ wá, lásìkò òjò láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè ran drone lọ́wọ́ láti padà sílé nígbà tí bátìrì bá ti rẹ̀. DJI Mini 3 lè kojú afẹ́fẹ́ tó ń sáré tó mítà 10.7 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkè máa ń le ju tilẹ̀ lọ, ẹ wo orí igi kẹ́ ẹ tó gbé e. Tí òjò bá ti ṣú, ẹ má gbé e rárá.

Àwòdì náà ńkọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń sun ìgbẹ́, ẹ wo òkè èéfín yẹn, ẹ máa rí wọn tí wọ́n ń yí, tí wọ́n ń dúró de tata àti eku tó ń sá fún iná. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí, ẹ má gbé drone lọ síbẹ̀. Tí ọ̀kan bá ṣàdédé kọjú sí drone, ẹ ti throttle sókè, torí ẹyẹ tó ń já wálẹ̀ kì í tètè lè gòkè, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ síbòmíì kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti mọ́ yín lára, iṣẹ́ wà níwájú. Àwọn tó ní oko kaṣú ńlá máa ń fẹ́ mọ ibi tí igi ti kú àti ibi tí àlàfo wà, fọ́tò tẹ́ ẹ bá yà láti òkè tẹ́lẹ̀ ara wọn, tí ọ̀kan wọnú ìkejì ní bíi 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n ń tò di máàpù. Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Bátìrì

Ẹ ti mọ LiPo, mi ò ní pẹ́ níbí. Tó bá kún, 4.2 vóòtù ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 3.5. Pléènì tí bátìrì ẹ̀ tán ṣì lè rọra balẹ̀, drone ò ní irú àǹfààní yẹn, nítorí náà lórí oníkámẹ́rà, tó bá ti ku 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kọjú sílé. NEPA ò ṣeé gbára lé, àmọ́ ṣájà púpọ̀ ló ń gba 12 vóòtù, bátìrì mọ́tò tàbí bátìrì sólà á ṣáájì ẹ̀ dáadáa, ó sì dáa ju jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò lọ. Ẹ dúró tì í títí á fi kún, ẹ má sùn. Tẹ́ ẹ bá délé láti pápá lásìkò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lára motor kọ̀ọ̀kan, ẹ fọwọ́ yí i, tó bá ń ha, eruku ti wọlé. Bátìrì tẹ́ ẹ ò ní lò fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ dá a dúró sí 3.8 vóòtù fún sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ kó o sínú àpótí irin tí ìdérí ẹ̀ ò fún pinpin, kúrò nítòsí kẹrosíìnì àti gáàsì, kúrò nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Èyí tó bá ti wú, ẹ ṣíwọ́ lílò ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ gbé e síta sínú garawa iyanrìn.